Aṣọ Tó Nílé Gbọ́dọ̀ Lórúkọ: Lẹ́tà Ṣíṣí láti Ajégúnlẹ̀

Sí Mínísítà fún Iléeṣẹ́, Òwò àti Ìdókòwò,
Abuja.

Ẹ̀yin tí a bọ̀wọ̀ fún,

Aláró ni mí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ya bátànì sórí aṣọ, tí mo sì ń rẹ ẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, lápá Wilmer, níbi tí a ti máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ Àpápá lóru.

Àdúrà ni ẹni tó sọ àdúgbò wa lórúkọ ṣe: kí ajé gúnlẹ̀. Ajé sì ń gúnlẹ̀ lóòótọ́. Láti ọdún 1926 tí ìjọba òyìnbó ti parí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní èbúté Àpápá, kò sí ohun tí ènìyàn ń wọ̀ tàbí tó ń gùn tí kì í gba ibẹ̀ wọlé. Àmọ́ Àpápá ló ń gúnlẹ̀ sí. Ní tiwa, ní ìhà Bọ́ńdárì níbí, tírélà la máa ń rí tó ń gbé e kọjá.

N kò kọ̀wé láti ráhùn nípa tírélà. Ohun kan ló gúnlẹ̀ tí mo dá mọ̀: iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ya bátànì kan tí mo sọ ní Kọ̀ǹténà. Mo to àpótí lé àpótí bí a ṣe ń rí wọn láti orí afárá, mo fi kéréènì ọlọ́rùn gígùn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ya abọ́ oúnjẹ kékeré kan sáàárín, nítorí àwọn ìyá olóúnjẹ tó ń bọ́ àwọn awakọ̀ tírélà lójú títì. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi yà á. Níbi tí àpótí kẹrin ti pàdé ìkarùn-ún, ìyẹ́ náà yọ̀ lọ́wọ́ mi, ìlà kan sì wọ́ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń tiro. N kò pa á rẹ́. Mo rẹ aṣọ náà bẹ́ẹ̀, mo sá a, oníbàárà mi kan sì rà á, ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n yà á ní fọ́tò, fọ́tò náà sì rìn.

Nígbà tó di ọdún kejì, mo wà ní ọjà ńlá kan ní Èkó, mo ń wá tẹ́rù funfun rà, ni mo bá rí Kọ̀ǹténà mi. Òdidi ìdì rẹ̀ ni, wọ́n ká a mọ́ páálí, ó ń dán. Mo ní kí wọ́n tú u kí n wò ó. Àṣìṣe mi wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tú aṣọ náà ni ìlà tó ń tiro yẹn ń yọjú, ó ń yọjú, ní ojú ibì kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, títí aṣọ fi tán. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọwọ́ ló yọ̀. Ó kà á mọ́ iṣẹ́. Owó tí wọ́n dá lé yáàdì márùn-ún rẹ̀ kò tó owó tẹ́rù tí mo wá rà, tẹ́rù tí n kò tíì yà, tí n kò tíì rẹ. Ọmọbìnrin tó ń tà á rí i pé mo tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ rà á, mọ̀mí. Àdìrẹ Abẹ́òkúta gidi ni."

N kò bá ọmọ náà jà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ fún mi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ló mú mi gbé kálámù. Wọ́n jí bátànì mi, ìyẹn dùn mí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pe iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àdìrẹ Abẹ́òkúta, ìyá mi àgbà ni wọ́n jí.

Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti kọ́ mi. Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan ìkòkò aró láìkọ́kọ́ kí Ìyá Màpó, bẹ́ẹ̀ kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun ló jẹ́ kó yé mi pé bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ló wà nínú orúkọ rẹ̀: a dì í, a rẹ ẹ́. Bí o bá fi ìko so ó, oníko nìyẹn. Bí o bá fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an mọ́ra, alábẹ́rẹ́ ni. Bí o bá ro láfún tí o fi álọ́ọ̀mù sí i, tí o fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí ìgbálẹ̀ yà á, ẹlẹ́kọ ni. Ewé èlú ni wọ́n máa ń gún nígbà náà. Wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n sẹ́ láti ara eérú, títí yóò fi kan dáadáa. Aṣọ á wọ inú ìkòkò ní funfun, á jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á di aró lójú rẹ. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbàgbé.

Orúkọ bátànì náà ló fi ń kọ́ wa nítàn. Olókun wà, Súnbèbè wà. Ìbàdàndùn wà, tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Màpó sí, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Olóba wà, tí wọ́n ṣe nígbà tí Ọba George Karùn-ún ń ṣe ayẹyẹ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935. Àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé kà ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀, ara aṣọ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Èyí ni mo gbé wá sí Ajégúnlẹ̀ nígbà tí ọkọ mi rí iṣẹ́ sí èbúté. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí: ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ùròbò, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹ̀gbá kan ṣoṣo. Pijin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá kan orúkọ bátànì, Yorùbá ni gbogbo wọn ń pè é. Ayé mọ Ajégúnlẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù àti orin. Taribo West ti ibẹ̀ jáde, Daddy Showkey ti ibẹ̀ jáde. Ọmọ tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù tí kò sì lè kọrin ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn mọ̀ ọ́n yà. Mo rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ya àwọn kéréènì Àpápá débi pé mo fẹ́ gbọ́ ariwo wọn.

Yáàdì márùn-ún ẹlẹ́kọ máa ń gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀. A ó yà á, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó rẹ ẹ́ sínú aró, a ó gbé e jáde, a ó tún rẹ ẹ́, a ó wá họ ẹ̀kọ kúrò kí funfun tó yọ. Bí òjò bá rọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ tí omi bo gọ́tà, iṣẹ́ dúró. Iye tí a ń tà á, ìyà rẹ̀ ni. Bí ẹni kan bá wá gbé àwòrán rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ, tí ó fún un ní orúkọ kan náà, kí ló kù tí oníbàárà yóò fi wo ojú mi? Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn; ṣùgbọ́n orúkọ aṣọ ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó béèrè iye.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ àwọn òkú ọ̀run nìyí. Ìyá wa Nike Okundaye, ọmọ Ògìdì, ti fi àdìrẹ kọ́ ilé àwòrán tí gbogbo ayé ń wá wò ní Lẹ́kí, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òṣogbo. Ní ọdún 2013, Michelle Obama wọ bùláòsì Maki Oh ní South Africa. Amaka Osakwe tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó níbí, àdìrẹ ló fi lórúkọ. Adeju Thompson, tó ni Lagos Space Programme, tí òun náà ń lo àdìrẹ, gba ẹ̀bùn Woolmark ní 2023. Kenneth Ize gbé aṣọ òkè tí wọ́n hun níbí dé Paris ní 2020. Nínú ìwé tí UNESCO gbé jáde ní 2023 lórí aṣọ ní Áfíríkà, wọ́n ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógójì nínú mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ń gbin òwú. Síbẹ̀ aṣọ àti bàtà tí à ń kó wọ Áfíríkà lọ́dọọdún tó bílíọ̀nù dọ́là 23.1, nígbà tí èyí tí à ń tà síta jẹ́ bílíọ̀nù 15.5. Òwú wà, ọwọ́ wà, ojú àwọn oníbàárà náà wà lára wa. Orúkọ ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Mo mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn olùdámọ̀ràn yín: kí a fòfin dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dè é. Gbogbo wa tí a ń gbé ní ẹ̀bá èbúté la mọ bí òfin yẹn ṣe ń rí. Aṣọ òkìrìkà wà nínú ìwé àwọn ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọ Nàìjíríà rárá; èwo nínú wa ni kò wọ òkìrìkà rí? Kódà, owó ẹyọ wà nínú ìwé kan náà. Ìwé náà rántí láti ṣọ́ ẹnubodè kí owó ẹyọ má baà wọlé, kò dárúkọ aṣọ tó ń fi orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ purọ́.

Àwa aláró ti rí òfin má-ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì ti ná wa lóhun púpọ̀. Nígbà tí òwò àdìrẹ Abẹ́òkúta gbóná, tí àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast wá ra á, àwọn aláró bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá. Aṣọ kan ń ṣí, òmíràn ń ya. Àwọn oníbàárà kùn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, tí owó wọ́n káàkiri ayé, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó náà. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ó di ohun tí ìjọba ń ṣe ìwádìí lé lórí ní 1936. Wọ́n jà lórí ohun tó wọ inú ìkòkò. Ẹnikẹ́ni kò dá òfin sílẹ̀ lórí orúkọ tó wà lára aṣọ.

N kò ní í fi ẹ̀bi tiwa pamọ́. Sódà là ń lò títí dòní, èmi náà ń lò ó, omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà Ajégúnlẹ̀. Àwọn kan nínú wa wà tó jẹ́ pé aṣọ ẹ̀rọ ni wọ́n ń rà ní ìdì, wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, wọ́n á ní àwọn ló rẹ ẹ́. Wọ́n rí i pé orúkọ náà ti di ti gbogbo ayé, wọ́n ní àwọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè òfin tí yóò mú èmi náà.

Ẹ wo Ìsọlọ̀. Iléeṣẹ́ aṣọ kan wà níbẹ̀ rí tí wọ́n ń pè ní Aswani. Nígbà tí iléeṣẹ́ aṣọ wa ṣì ń ṣiṣẹ́, ní Èkó àti ní Kàdúná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jẹun nídìí wọn. Iná mànàmáná ṣe tirẹ̀, fàyàwọ́ ṣe tirẹ̀. Nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2005, tí àdéhùn àgbáyé tó ń fi ààlà sí iye aṣọ tí orílẹ̀-èdè kan lè tà fún òmíràn parí, àwọn ẹ̀rọ ńlá ilẹ̀ Éṣíà gba ojú ọjà. Aswani wà lára àwọn tó tì. Lónìí, bí o bá ní o ń lọ sí Aswani, ọjà tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa rò pé ò ń lọ, òkìrìkà sì pọ̀ níbẹ̀. Orúkọ wà, aṣọ ti lọ. Ní tiwa, aṣọ ṣì wà, orúkọ ló ń lọ.

Mo lọ wádìí ohun tí òfin sọ. Wọ́n fi òfin tó ń dáàbò bo bátànì lélẹ̀ ní ọdún 1970. Ẹni tó bá forúkọ bátànì rẹ̀ sílẹ̀ yóò ní ẹ̀tọ́ sí i fún ọdún márùn-ún, ó sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dára. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bí ó bá ti dé ojú ayé kí o tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti gbó. Kọ̀ǹténà mi ti lọ síbi ìgbéyàwó kí n tó gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ní ti Ìbàdàndùn, kò sí ẹni tó lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láé, nítorí ìyá gbogbo wa ló ni ín. Òfin náà mọ ẹnì kan. Kò mọ ìdílé. Ó mọ ohun tí a ṣe lánàá. Kò mọ ohun tí a jogún.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn mìíràn ti fi èyí ṣòfin. Aṣọ onírun àgùntàn kan wà ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Scotland tí wọ́n ń pè ní Harris Tweed. Ní 1993, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin odindi nítorí rẹ̀: kò sí aṣọ tó gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn àfi èyí tí àwọn ará erékùṣù náà fi ọwọ́ hun nínú ilé wọn. Ẹ̀rọ kò ṣàì sí níbẹ̀; wọ́n kò sì ní kí ẹ̀rọ má hun aṣọ onírun. Wọ́n ní kó má ṣe jẹ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni. Àwọn ará Ghana tí wọ́n wà nítòsí ti ní òfin lórí ohun tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀ láti ọdún 2003, UNESCO sì kọ iṣẹ́ kente sínú ìwé ogún ìran ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Nàìjíríà kò tíì ní òfin tó dá dúró fún irú èyí. Àwa tí a mọ̀ pé agbe ló laró, àwa la kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló ni àdìrẹ.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń béèrè, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkíní, ẹ gbé òfin orúkọ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kí ó sọ ọ́ gbangba pé aṣọ tí a fi ọwọ́ dì, tí a fi ọwọ́ yà, tí a sì rẹ, ni àdìrẹ. Kí aṣọ òkè Ìsẹ́yìn àti akwete àwọn ará ìlà-oòrùn náà wà nínú rẹ̀. Kí ẹ pe àwọn aláró, ahunṣọ àti oníṣòwò Ìtòkú ní Abẹ́òkúta jókòó kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹni tó wà nídìí ìkòkò ló mọ bí aró ṣe ń kan.

Èkejì, ní èbúté Àpápá, kí aṣọ ẹ̀rọ máa wọlé ní orúkọ aṣọ ẹ̀rọ. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí etí aṣọ, kí ojú oníbàárà tó o: ẹ̀rọ ló ṣe é, ìlú báyìí ló ti wá. Ẹni tí kò bá lówó tiwa kò ṣẹ̀ wá bó bá ra èyí. Kí ó ṣáà mọ ohun tó ń rà. Iṣẹ́ yìí kan Kọ́sítọ́ọ̀mù, mo sì mọ̀ pé abẹ́ yín kọ́ ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n mínísítà kan lè bá mínísítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú ìforúkọsílẹ̀ bátànì sún mọ́ wa. Kí tábìlì kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá àti pijin, tí yóò gba àwòrán lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí, kí ó tó gbé aṣọ rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Bí owó bá tún ṣẹ́kù, ẹ bá wa gbẹ́ ibi tí a ó ti máa sẹ́ omi sódà wa, kí a má baà máa gba orúkọ là ká sì máa ba ilẹ̀ jẹ́.

Ọmọ ẹni kò ní í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin aláṣẹ ń wọ àdìrẹ lọ síbi àpèjẹ, a ń rí yín lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń dùn mọ́ wa. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, wọ́n á wo bátànì ọrùn ẹ̀wù ọ̀gá kan, wọ́n á ní, "Madam, na machine." Mo máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni wọ́n máa ń sọ.

Bátànì tuntun kan wà nínú àpótí mi báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ló yà á. Àwọn awakọ̀ tírélà tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ wọn ni. N kò tíì rí bátànì tó dára tó o láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Kẹ́mta. A kò tíì tà á, a kò tíì yà á ní fọ́tò, oníbàárà kankan kò tíì rí i. A ti sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n n kò ní í kọ orúkọ náà síhìn-ín. A ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aláró kan ní Wilmer, Ajégúnlẹ̀, Èkó.